Owó Tó Ń Rùn Bí Sìmẹ́ńtì

Ìyá àgbà gbé owó náà sí imú.
Ó gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó wò mí,
ó ní, "Múnírátù, ta ló fún ọ lówó yìí?"
Mo ní, "Ọ̀gá mi ni."
"Ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́?"
"Àní ọ̀gá tó ń kọ́ mi níṣẹ́."
Ó gbé e kalẹ̀ lórí àpótí
bí ẹni gbé ọmọ olọ́mọ kalẹ̀.

Ẹ má bá a wí. Nílé wa ní Fókò,
ẹni tí yóò kọ́ṣẹ́ ló ń ru owó lọ bá ọ̀gá.
Wàhábì ẹ̀gbọ́n mi fi ọdún mẹ́fà kọ́ mẹkáníìkì:
ó fọ ọkọ̀ ọ̀gá, ó pọn ọmọ ọ̀gá,
ó pọnmi kún àgbá ìyàwó ọ̀gá,
ó mọ oúnjẹ tí ọ̀gá kì í jẹ lálẹ́
kó tó mọ ibi tí pulọ́ọ̀gì ń gbé.
Ọjọ́ fíríìdọ́ọ̀mù kù dẹ̀dẹ̀, owó fíríìdọ́ọ̀mù kò sí.
Ó kó ẹ̀wù méjì sínú ọ̀rá, ó gba ọ̀nà Sábó lọ.
A kò tíì rí i.

Ọ̀gá Sùbérù kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.
Ìwé kékeré aláwọ̀ ewé ló fà yọ lápò:
"Ọdún méjì. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà lóòjọ́.
Bí ọwọ́ rẹ bá ṣe ń tọ́ ni yóò máa lé sí i.
Kà á kí o tó buwọ́ lù ú."
Mo kà á. Mo kọ orúkọ mi,
èmi tí ìwé yunifásítì mi ti gbó sábẹ́ ẹní.
Màmá mi kọ̀: "Obìnrin! Bíríkìlà!"
Mo kọ, ó kọ̀, ọ̀gá ní òun yóò kọ́ mi:
ẹnu kan náà, ohùn mẹ́ta.

Ológunẹrú ni, oṣù Kẹfà, ojú ọ̀run dúdú.
Mo po sìmẹ́ńtì títí èjìká mi fi ń dá sọ̀rọ̀.
Iyanrìn wọ bàtà, ó wọ irun, ó wọ inú ìrẹsì.
Ọ̀gá ní kí n fa okùn. Mo fa okùn.
Ó ní kí n to búlọ́ọ̀kù. Mo to ìlà mẹ́rin,
inú mi dùn, mo gbàgbé okùn.
Bàbá yẹn kò pariwo. Ó di ojú kan,
ó fi ìkejì wo ògiri mi láti igun,
ó ní, "Ilé yìí ti ń lọ sí Ẹlẹ́yẹlé."
Jinádù oníirin rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.
"Wó o."
Mo fi ọwọ́ ara mi wó o.
Mo ń sunkún, mo ń ha sìmẹ́ńtì tútù
kúrò lára búlọ́ọ̀kù, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Sátidé, wọ́n ń gbowó.
Ẹ̀yìn pátápátá ni mo dúró sí.
Ó pè mí. Ó ka ẹgbẹ̀rún méjìlá sí mi lọ́wọ́.
Mo ní, "Ọ̀gá, ògiri àná ń kọ́?"
"Ta ló wó o?"
"Èmi ni."
"Ta ló tún un tò?"
"Èmi náà ni."
"Nínú méjèèjì, èwo ni o fẹ́ kí n jẹ gbèsè rẹ̀?"
Ó gun alùpùpù rẹ̀, èéfín bò wá lójú.

Ìyá àgbà ṣì jókòó ti owó náà.
"Kò ní kí o pọn ọmọ òun?"
Rárá, mà.
"Kò rán ọ níṣẹ́ tí kò ṣeé ròyìn?"
Rárá, mà.
Ó dákẹ́. Eku kan sáré kọjá lókè àjà.
Lẹ́yìn náà ló mú ẹgbẹ̀rún kan,
ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀, ó so ó le:
"Ti Wàhábì ni mo gbà yìí."

Ó wá nawọ́ sí ògiri ilé ìdáná
tó ti fẹ̀yìn ti igi ìbẹ́pẹ kí wọ́n tó bí mi.
"Èyí ń kọ́?"
Mo dìde.
Mo di ojú kan.